Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Dáúnlóòdù Tó Ń Sáré Lánàá, Tó Ń Rákòrò Lónìí

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí, méjì láti Ògbómọ̀ṣọ́, méjì láti Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ kan náà ni mẹ́ta nínú wọn ń rò: fáìlì tó ń yára wọlé tẹ́lẹ̀ ṣàdédé ń falẹ̀. A bẹ̀ yín, kí ẹ tó náwó sórí dátà tàbí ráútà tuntun, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìfalẹ̀ náà fara pamọ́ sí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Under G ni mo ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tọ́rẹ́ǹtì ni mo fi ń gba Ubuntu, Debian àti LibreOffice, àwọn ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí mo ń pín fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. qBittorrent, ètò tó ń gba tọ́rẹ́ǹtì, ni mo ń lò lórí Windows, ráútà 4G sì ni. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 2 MB ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ọjọ́ Ajé, kò ju 60 KB lọ mọ́. Nígbà mìíràn á dúró pátápátá, á tún lọ díẹ̀. Mo ti ra dátà tuntun, mo ti pa ráútà mo ti tún un tàn, ibi tí a wà náà la ṣì wà. — Akẹ́kọ̀ọ́, Under G

Ẹ má ra dátà mìíràn o. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì yín ló ń ṣàìsàn ni, tàbí tọ́rẹ́ǹtì nìkan. Àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹ dá gbogbo tọ́rẹ́ǹtì dúró pátá, nítorí tí ẹyọ kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò yìí kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá ṣí ubuntu.com nínú bíráúsà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gba fáìlì ISO náà tààrà, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú méjì. Tó bá ń gba nǹkan bíi 2 MB, nẹ́tíwọ̀kì kò ní ẹ̀bi, ẹ máa bá wa bọ̀. Tó bá jẹ́ pé 60 KB náà ló ń gbà, ẹ fò lọ sí ibi tí a ti sọ̀rọ̀ ráútà àti òpó nẹ́tíwọ̀kì nísàlẹ̀.

Ẹ tún wo ìṣe nọ́ńbà náà, kì í ṣe bó ṣe kéré tó nìkan. Nẹ́tíwọ̀kì tí kò dára kì í dúró sójú kan: á lọ sí 200, á já bọ́ sí 30, á tún gòkè. Ààlà tí ènìyàn fi lélẹ̀ ló máa ń dúró gbọn-in. Tí qBittorrent bá rọ̀ mọ́ 10 KB láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá ojú ìwé rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà ìwọlé àti ìjáde wà. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí aago tí mọ́tò fi ń ka eré. Ìtẹ̀ kan péré ló ń gbé e lọ sí ààlà kejì, 10 KiB sì ni iye tí ààlà yẹn ń bá wá láti ilé. Ọwọ́ lè ṣèèṣì kàn án. Nínú Transmission, ètò tọ́rẹ́ǹtì mìíràn, àwòrán ìjàpá ni wọ́n fi ṣe é. Tiyín ń dúró, ó tún ń lọ, nítorí náà a kò rò pé èyí ni.

Kí ohun tó kù tó lè yé yín, ẹ jẹ́ ká sọ bí tọ́rẹ́ǹtì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe kànga kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ń pọn. Àáró ni. Bram Cohen tó gbé e jáde ní 2001 ṣe é kí fáìlì di wẹ́wẹ́, kí àwọn tó ń gbà á sì máa fún ara wọn ní wẹ́wẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn. Nínú ìlànà àtilẹ̀bá rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń wo àwọn tó ń fún un ní púpọ̀ jù, nǹkan bíi mẹ́rin ló ń ṣílẹ̀kùn fún, ó sì ń tún wọn yàn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, á ṣílẹ̀kùn fún àlejò kan, bóyá onítọ̀hún á mọ oore. Ẹni tí kò bá bá ẹgbẹ́ kọ ebè, ẹgbẹ́ kì í tètè yà sí oko rẹ̀. Àwọn tó ti gba fáìlì tán tí wọ́n sì jókòó tí wọ́n ń fún ẹlòmíràn là ń pè ní seed.

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Seeds sí. Tí ẹ bá rí 3 (40), mẹ́ta lẹ ti bá so pọ̀ nínú ogójì tó wà níta. Tó bá jẹ́ 0 (1), àáró ti tú ká, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí kọ̀ǹpútà yín tí yóò mú un yára. Ẹ fi tọ́rẹ́ǹtì Ubuntu tó jáde gbẹ̀yìn ṣe òṣùwọ̀n, nítorí àwọn tó ń pín in kì í wọ́n. Tí ìyẹn bá ń sáré tí fáìlì kejì ń wọ́, fáìlì kejì ni kò ní ènìyàn.

Ohun tí a fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni ọ̀nà ìjáde. Lórí 4G, ọ̀nà ìjáde sábà máa ń tóóró ju ọ̀nà ìwọlé lọ. Bí ẹrù ṣe ń wọlé ni kọ̀ǹpútà yín ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹni tó kó o wá, ọ̀nà ìjáde yẹn náà sì ni rìsíìtì ń gbà. Tí tọ́rẹ́ǹtì bá ti kún un bámúbámú, rìsíìtì á tò sẹ́yìn bí ọkọ̀ tó há sí oríta Takie. Ẹni tó ń kó ẹrù wá kò rí rìsíìtì, á dẹ ọwọ́. Bí ìwọlé ṣe ń kú nìyẹn nígbà tí ráútà ṣì ń fi ọ̀pá mẹ́rin hàn. Ẹ sì rò ó wò: gbogbo fáìlì tí ẹ ti gbà tán ṣì wà nínú qBittorrent, ó ń pín wọn fún gbogbo ayé. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ìjáde ń kún sí i, ọjọ́ tó bá kún tán ni ẹ̀yin máa ń pè ní «lójijì».

Bí ẹ ó ṣe tún un ṣe rèé. Pẹ̀lú gbogbo tọ́rẹ́ǹtì ní dídúró, ẹ lọ sí fast.com, ẹ tẹ «Show more info», ó máa sọ iye tí ìjáde yín jẹ́. Ká ní ó sọ 4 Mbps. Ẹ pín in sí mẹ́jọ (ìdí rẹ̀ wà nínú lẹ́tà kẹta), ó di 500 KB. Ẹ mú nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 375. Ẹ lọ sí Tools, Options, Speed, kí ẹ kọ 375 sí Upload. Ẹ má kọ 0 síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹ ti pa ìjáde. Nínú qBittorrent, 0 túmọ̀ sí pé kò sí ààlà rárá. Ẹ má sì kọ 5 tàbí 10 láti fi dátà pamọ́, nítorí àáró la sọ pé ó jẹ́: ẹni tó bá há ọwọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò wà. Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dájọ́ rẹ̀, kí àwọn tẹ́ ẹ so pọ̀ lè tún yín yàn.

Ìjáde náà ń jẹ dátà o, lórí ìwọ̀n dátà tí ẹ rà náà ni wọ́n ń kà á mọ́. Nínú Options, abẹ́ BitTorrent, ẹ lè sọ pé kí fáìlì dúró nígbà tí ratio bá di 1: ìwọ̀n tí ẹ gbà lẹ ti dá padà, ẹ kò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè.

Tí ọ̀nà ìjáde kò bá jẹ́ kókó rẹ̀, ẹ wo bóyá bíráúsà náà ń kú nígbà tí tọ́rẹ́ǹtì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń jí bí ẹ bá dá a dúró. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ráútà yín ni ọwọ́ ń kún fún. Gbogbo ènìyàn tí qBittorrent bá so mọ́ ni ráútà gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn, ìrántí MiFi àti ráútà kékeré kò sì pọ̀. 500 ni qBittorrent ń gbà láàyè lápapọ̀, 100 fún tọ́rẹ́ǹtì kan. Ẹ dín wọn kù sí 150 àti 40, lábẹ́ Connection.

Ó tún ku ilẹ̀kùn. Ẹ gbé àtọ́ka lé àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ qBittorrent. Tó bá sọ «No direct connections», àwọn ará ìta kò lè kàn sí yín, ẹ̀yin nìkan lẹ lè máa wá wọn lọ. Ẹ yẹ Windows wò: tí ó bá ti yí wáìfáì ilé yín láti Private sí Public, bí ìgbà tí ẹ bá yí orúkọ wáìfáì padà, firewall, ẹ̀ṣọ́ inú Windows, lè ti ilẹ̀kùn tó ṣí tẹ́lẹ̀. Ẹ dá a padà sí Private. Ṣùgbọ́n lórí síìmù, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, torí àdírẹ́sì IPv4, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò kárí ayé mọ́. Láti oṣù kejì 2011 ni èyí tó kù nínú àká àgbáyé ti pín tán. Ẹ ṣí ojú ìwé ráútà yín (àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀), ẹ wo WAN IP, àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fún ráútà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 dé 100.127, tàbí pẹ̀lú 10., abẹ́ irú àdírẹ́sì àjọlò bẹ́ẹ̀ lẹ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín ṣí port nínú ráútà, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, nítorí ilẹ̀kùn tó tì kò sí nínú ilé yín. Tọ́rẹ́ǹtì tó ní seed púpọ̀ á ṣì yára bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí dáúnlóòdù tààrà náà ń falẹ̀: ojú ìwé ráútà yẹn kan náà ni kí ẹ wò. Ṣé 4G ló kọ síbẹ̀ àbí ó ti sọ̀kalẹ̀ sí 3G? Tó bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ fi dandan yan 4G nìkan. Ẹ wá RSRP, bí ohùn òpó ṣe lágbára tó: −80 dára gan-an, −100 ṣì ṣeé fara mọ́, −110 sísàlẹ̀ kò dára. Nọ́ńbà kejì ni SINR, bí ohùn òpó ṣe borí ariwo tó, òun gan-an la gbọ́kàn lé jù: bó bá ju 20 lọ, ó mọ́ kedere, bó bá sún mọ́ 0, ariwo ti bo ohùn òpó, kódà kí ọ̀pá mẹ́rin pé. Ẹ gbé ráútà kúrò nínú kọ̀rọ̀, ẹ gbé e sójú fèrèsé, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí páànù àti irin, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wo SINR. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ìdájí bá dára tí alẹ́ kò dára, èrò ló pọ̀ lórí òpó. Ẹ máa gba fáìlì ńlá lóru. Bí méjèèjì bá burú bákan náà, tí SINR sì dára, ẹ ka ìwé àdéhùn dátà yín. Ọ̀pọ̀ dátà tí wọ́n pè ní aláìlópin ló ní ìwọ̀n kan tí wọ́n á ti dín eré rẹ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀ títí oṣù á fi yí.

Mo ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Láti fóònù sí fóònù ni mo ń fi fáìlì ránṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, kò gba dátà rárá. 1 GB kì í ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Ní báyìí ó ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, oníbàárà á sì dúró títí á fi bínú. Fóònù mi kò yí padà. — Onífóònù, Akẹ̀sán

Nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́. 1 GB ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀ jẹ́ bíi 11 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan: wáìfáì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún jẹ́ 1 MB. Kì í ṣe Bluetooth ló ń gbé e, nítorí ìyẹn ì bá lé ní wákàtí kan. Wáìfáì ṣì ni, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà rédíò tí wáìfáì ń gbà, láàárín ọjà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti tan hotspot. Ààyè mẹ́ta péré ni kò fẹnu kan ara wọn nínú 2.4 GHz: 1, 6 àti 11. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ló ń jà sí i. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tò hotspot lórí fóònù tó ń fi ránṣẹ́, kí ẹ yan 5 GHz, ọ̀nà kejì, kí ẹ sì fi fóònù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, torí 5 GHz kì í la ògiri dáadáa. Tí fóònù oníbàárà kò bá ní ju 2.4 lọ, eré tirẹ̀ ni méjèèjì yóò sá; ẹ sọ fún un kí ó tó jókòó.

Bí 5 GHz kò bá mú un yá, ẹ wo ibi tí fáìlì ń balẹ̀ sí. Ẹ fi ránṣẹ́ sínú fóònù gan-an, kì í ṣe sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Tó bá yára, káàdì ló ń kọ̀wé lọ́ra. Ẹ wo ara káàdì: 4 nínú C jẹ́ pé ó ń ṣèlérí 4 MB ní ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, 10 nínú C tàbí 1 nínú U jẹ́ 10 MB, 3 nínú U jẹ́ 30 MB. Ayédèrú tún pọ̀ tí wọ́n kọ 10 sí tí kò lè ṣe 3. Fóònù tó ti kún dẹ́nu náà ń falẹ̀ bí ó bá ń kọ̀wé. Ẹ pa VPN àti battery saver lórí méjèèjì, kí ẹ sì gbé wọn kúrò nínú oòrùn, nítorí fóònù tó bá gbóná máa ń dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ta 20 Mbps fún mi, àmọ́ 2.4 MB ni mo ń rí. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni? — Ìyá oníṣòwò, Ọ̀yọ́

Rárá, Mà. Lẹ́tà b kékeré àti B ńlá kì í ṣe nǹkan kan náà. Lẹ́tà b kékeré mẹ́jọ ló ń di B ńlá kan. 20 pín sí mẹ́jọ jẹ́ 2.5, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lára ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ. 2.4 tí ẹ ń rí pé.

A ní kọ̀ǹpútà méjìlá nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wáyà ló so gbogbo wọn mọ́ switch, fóldà kan sì wà lórí kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn ọmọ ti ń kó iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ṣàdédé ń falẹ̀: èyí tó kù ń gba bíi 100 MB, òun ń gba 11. A ti tún Windows fi sí i, kò yí padà. — Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

11 yẹn ló tú àṣírí. Wáyà ni, ẹ jẹ́ kí Windows sinmi. Ohun ìrọ̀rùn ni 100 MB jẹ́ fún wáyà tó ń ṣe 1000 Mbps, 11 sì ni ẹni tó bọ́ sí 100 Mbps máa ń rí. Ẹ wo Settings, Network, Ethernet: níwájú Link speed, ẹ ó rí 100/100 (Mbps), nígbà tí àwọn yòókù kọ 1000/1000.

Okùn mẹ́jọ ló wà nínú wáyà náà, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. 1000 Mbps ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. 100 Mbps kò lò ju mẹ́rin lọ, àwọn tó wà ní ààyè 1, 2, 3 àti 6. Tí eku bá gé ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́rin tó kù, tàbí tí ẹsẹ̀ àga bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní ké. Á kàn fọwọ́ sí 100, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi sí àmì ìkìlọ̀ kankan.

Ẹ kọ́kọ́ gba wáyà kọ̀ǹpútà kan tó dára, kí ẹ fi sí èyí tó ń falẹ̀. Tó bá di 1000, ẹjọ́ ti parí. Ẹ tún wáyà tirẹ̀ fi sí ojú mìíràn lára switch, bóyá ojú yẹn ló bàjẹ́. Bí wáyà bá jẹ̀bi, ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀: nínú orí ike tó mọ́ gaara yẹn, ẹ ó rí okùn kan tí kò dé iwájú tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí eyín idẹ kan tí kò wọlé tó. Ẹ gé orí náà kúrò, kí ẹ fún òmíràn sí i. Ẹ di orí ike mú kí èékánná rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún: funfun pẹ̀lú olómi-ọsàn, olómi-ọsàn, funfun pẹ̀lú ewé, búlúù, funfun pẹ̀lú búlúù, ewé, funfun pẹ̀lú búráùn, búráùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣì sí ni kí wọ́n to ewé kejì ṣáájú búlúù méjèèjì, kí ewé méjèèjì lè wà pọ̀. Iná á tàn, eré kò ní sí. Ẹ má tú ìlọ́ wọn ju 13 mm lọ kí ẹ tó tì wọ́n wọlé, kí èèpo ìta náà sì wọ inú orí ike, kí ó lè bá yín di okùn mú.

Nígbà tí ẹ bá ń ra wáyà mìíràn, ẹ béèrè Cat5e tàbí Cat6, kí ẹ sì fi abẹ fá okùn kan wò níwájú ẹni tó ń tà á. Bàbà tòótọ́ pupa dé inú. Tó bá pupa lẹ́yìn tó funfun bíi fàdákà nínú, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni; ìtẹ̀ díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ ẹ, ẹ ó sì tún padà bá 11 MB yẹn.